Dráífà pírińtà àtijọ́ ń kógbá sílé: ṣé kí n tẹ̀lé tuntun tí kò mọ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Sángo, n'Íbàdàn. À ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tòkọ́pì, à ń ṣe ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti òkú. Mo ní HP LaserJet 1020 kan, 1320 kan, àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá tòkunbọ̀ kan tó so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó tún ń bá wa tẹ̀wé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù tó ní Windows 11 lórí. Ọmọkùnrin tó bá mi tò ó ní kí n tan ohun tí wọ́n ń pè ní Windows protected print mode, ó ní gbogbo dráífà àtijọ́, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá pírińtà sọ̀rọ̀, ló máa kú láìpẹ́. Mo gbọ́ tirẹ̀. Bí mo ṣe tàn án báyìí, 1020 pòórá, 1320 pòórá. Ẹ̀rọ ńlá nìkan ló kù, òun náà kò sì pé mọ́: ibi tí mo ti ń yan ìwé tí a ń ṣẹ́ po kò sí, ibi tí mo ti ń tẹ kóòdù ẹni tó ń tẹ̀wé kò sí, ibi tí mo ti ń dín tónà kù kò sí. Iṣẹ́ ìwé ètò òkú wà lọ́wọ́ mi, Jímọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Ẹlòmíì ti ní kí n dá gbogbo ẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí n sì pa update Windows pátápátá. Kí ni kí n ṣe? Kí ló sì dé tí wọn ò lè fi dráífà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ sílẹ̀?

* * *

Iṣẹ́ olóòkú lákọ̀ọ́kọ́. Lọ sí Settings, wọ Bluetooth & devices, wọ Printers & scanners, kí o pa Windows protected print mode yẹn. Má retí pé àwọn pírińtà tó pòórá máa yọjú padà fúnra wọn o. Wá dráífà wọn lórí ojú-òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, tún wọn gbé sórí láptọ́ọ̀pù, kí o bá àwọn èèyàn parí iṣẹ́ wọn, kí o gbowó rẹ. Má pa update. Ẹni tó ní kí o pa update ò fẹ́ràn rẹ.

Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ ká jókòó tì.

* * *

Bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe pírińtà ló máa kọ dráífà tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ayé Windows 2000 ló ti ń bọ̀. Windows 8 mú irú míì wá ní 2012, àmọ́ ti àkọ́kọ́ kò kúrò nílẹ̀. Inú dráífà yìí ni wọ́n da gbogbo ẹrù sí: bí a ṣe ń yí ìwé sí èdè tí pírińtà gbọ́, bí a ṣe ń to ojú ewé fún ìwé tí a fẹ́ ṣẹ́ po, bí a ṣe ń dín tónà kù, kóòdù, àmì tó máa ń hàn fírí lẹ́yìn ọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀.

Ọ̀nà tuntun ò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á kàn bi pírińtà léèrè: irú bébà wo ló wà nínú rẹ? Ṣé o máa ń tẹ ojú méjì? Ṣé o ní àwọ̀? Pírińtà á dá a lóhùn fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́nà kan tí gbogbo wọn jọ mọ̀. IPP lorúkọ ètò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohun tuntun. Láti nǹkan bí 1999 ló ti wà. Nígbà tí Apple gbé AirPrint jáde lórí iPhone ní 2010, tí Canon, HP, Samsung àti Xerox sì dá ẹgbẹ́ Mopria sílẹ̀ ní 2013, ó wá di pé fóònù lè tẹ̀wé láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé dráífà kankan sórí rẹ̀. Windows náà ní tirẹ̀ nínú, Microsoft IPP Class Driver lorúkọ rẹ̀. Láti Windows 10 21H2 ló ti ń bá pírińtà Mopria ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìbáà jẹ́ okùn USB.

Wá wo 1020 rẹ báyìí. 2005 ló jáde. Kò gbọ́ IPP, kò tiẹ̀ gbọ́ PCL, èdè pírińtà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Dráífà ló ń bá a ṣe gbogbo ìrònú. Kódà, gbogbo ìgbà tó bá ti kú tó sì tún tàn ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún fi ètò tó ń gbé e dìde ránṣẹ́ sí i kó tó lè ta pútú. O wá tan ètò tó ní kò sí dráífà ilé-iṣẹ́ kankan tó gbọ́dọ̀ wọlé. Báwo ni kò ṣe ní pòórá?

* * *

Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ohun tí kò bàjẹ́, ẹ fi sílẹ̀." Ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù níbí, mo sì mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé kò bàjẹ́?

Print Spooler ni ètò tó ń to iṣẹ́ títẹ̀ sórí ìlà nínú Windows. Agbára tó ga jù lórí kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́, dráífà tó bá sì ti wọ inú rẹ̀, agbára yẹn náà ló ń jẹ. Ní 2010, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Stuxnet, tó ba ẹ̀rọ àwọn ará Ìráànì jẹ́, gba ihò kan nínú spooler yìí tàn láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Ní oṣù keje 2021, òmíràn tún yọ, wọ́n pè é ní PrintNightmare: ẹni tí kò ní àṣẹ alábòójútó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi ọgbọ́n ti dráífà èké wọlé, kó sì di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Microsoft sáré tú àtúnṣe síta. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n ní alábòójútó nìkan ló lè gbé dráífà pírińtà wọlé mọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ ò rántí ìgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pásíwọ́ọ̀dù alábòójútó torí ẹ̀dà lẹ́tà kan ṣoṣo? Ibẹ̀ ló ti wá. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé nínú gbogbo ẹjọ́ ààbò Windows tí wọ́n gbé wá bá òun láàárín ọdún mẹ́ta, 9% ló jẹ́ ti ìwé títẹ̀.

Ẹnì kan wá fèsì pé ta ló máa wá gbógun ti ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Sángo. Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń fi flash gbogbo ayé sínú kọ̀ǹpútà tó àwa? Báńkì ò jẹ́ gbà á. Ilé-ìwòsàn ò jẹ́ gbà á. Àwa ni ẹnikẹ́ni ń yà wá bá, á na flash sí wa, a ó sì kì í bọ ẹ̀rọ kó tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin kejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbọ́n òyìnbó ni kí a lè ra pírińtà tuntun. Mo gbà pẹ̀lú yín ní ìlàjì. Ó wù wọ́n kẹ́ ẹ ra tuntun, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ, pé gbogbo dráífà àtijọ́ fẹ́ kú, kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí Microsoft sọ gan-an ní oṣù kẹsàn-án 2023.

Wọ́n ní láti 2025, àwọn ò ní máa fi dráífà pírińtà tuntun ti ilé-iṣẹ́ míì sínú Windows Update mọ́. Láti 2026, tí dráífà méjì bá wà fún pírińtà kan, ti IPP ni Windows á máa mú ṣáájú. Láti 2027, àtúnṣe ààbò nìkan ni wọ́n á máa gbà fún àwọn ti àtijọ́. Ó tán. Dráífà tó wà lórí ẹ̀rọ yín á máa ṣiṣẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá gbà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe pírińtà náà á máa wọlé. Protected print mode, tí àbúrò wa tàn, ohun ọ̀tọ̀ ni. Windows 11 24H2 ló gbé e dé, ẹni tó bá wù ló ń tàn án, òun ló sì ń lé gbogbo dráífà àjèjì jáde.

Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń lé yín. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó títí Windows fi bá a yan dráífà, lè jí lọ́jọ́ kan rí i pé ẹ̀rọ tó ń bá a ṣe ojú méjì lánàá kò mọ ojú méjì mọ́. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yí padà fúnra yín nìyẹn, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó yẹ, kẹ́ ẹ sì fi èyí tí kò yẹ sílẹ̀.

* * *

Ó wá ku ohun tí a pàdánù. Àwọn ọmọdé kan nínú ìjíròrò yìí ń sọ pé "kò sí ohun tó sọnù." Irọ́ ni. Wọn ò tíì tẹ ìwé ètò òkú rí.

Ìwé tí a ń ṣẹ́ po, jẹ́ ká mú ti olójú ewé mẹ́jọ. Bébà A4 méjì ló gbà. Iwájú bébà àkọ́kọ́, ojú ewé kẹjọ lọ́wọ́ òsì, èkínní lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí àwòrán bàbá olóògbé wà. Ẹ̀yìn rẹ̀, ìkejì àti ìkeje. Iwájú bébà kejì, ìkẹfà àti ìkẹta; ẹ̀yìn rẹ̀, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Dráífà ńlá ló ń bá wa to èyí, a kàn ń tẹ bọ́tìnì. IPP Class Driver ò mọ̀ ọ́n. Ó dáa, ta ló mọ̀ ọ́n? Adobe Reader mọ̀ ọ́n. Sọ ìwé náà di PDF, ṣí i, tẹ Print, wàá rí Booklet níbẹ̀. LibreOffice náà ní tirẹ̀, Brochure ni wọ́n kọ sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìyípo bébà: ìwé tí a ó ṣẹ́ po gbọ́dọ̀ yí ní etí kúkúrú. Tí o bá fi í sí etí gígùn bí a ṣe ń ṣe fún lẹ́tà, ẹ̀yìn á dorí kodò, wàá ṣẹ́ ẹ po tán kí o tó rí i pé orin ìkíni àti àkọsílẹ̀ ayé olóògbé fẹsẹ̀ sókè. Tẹ ẹyọ kan, ṣẹ́ ẹ po, ṣí i, kí o tó tẹ igba.

Fún 1320 tó máa ń tẹ ojú méjì fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà. Fún 1020, Booklet inú Reader máa jẹ́ kí o tẹ iwájú nìkan kí o tó tẹ ẹ̀yìn. Lójú tèmi, Reader tiẹ̀ dáa ju dráífà lọ nínú iṣẹ́ yìí, torí oníbàárà lè nawọ́ sí ojú ewé lójú kọ̀ǹpútà pé "ẹ gbé fọ́tò ìyá wa síwájú" kí bébà kankan tó ṣòfò.

Tónà. Gbogbo wa la mọ ohun tí èyí jẹ́ nínú owó. Ẹ̀rọ ńlá tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ojú-ewé tirẹ̀: tẹ nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ibi tí o ti ń wá íntánẹ́ẹ̀tì, wàá bá ètò rẹ̀ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni o lè dín tónà kù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá tẹ̀wé, ìbáà jẹ́ láti orí fóònù. Nígbà tó jẹ́ dráífà, ọmọ iṣẹ́ rẹ kan ṣoṣo tó gbàgbé láti yàn án ti tó láti jẹ èrè ọjọ́ náà.

Fọ́tò páálí, ìyẹn fọ́tò pasipọ́ọ̀tù, ní tiẹ̀, pípàdánù ni. Dráífà ilé-iṣẹ́ ló máa ń jẹ́ kí o fa àwọ̀ pupa sílẹ̀ díẹ̀, kí o mú ojú aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀ kó má dà bí èédú. Lórí gbogbo èyí tí mo ti fi ọ̀nà tuntun dán wò, ohun tí mo rí kò ju irú bébà, bó ṣe máa mọ́ tó, àti bóyá kó tẹ̀ ẹ́ dé etí. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò jẹun, kó fi pírińtà fọ́tò rẹ̀ sórí dráífà tirẹ̀, kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

* * *

Màmá kan béèrè níbí pé kí ló dé tí ẹ̀rọ ọ́fíìsì wọn fi ń gba iṣẹ́ tí kò sì tẹ nǹkan kan jáde, láti ìgbà tí wọ́n ti yí dráífà. Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Mo ti rí èyí lójú ara mi ní ọ́fíìsì kan tí mo máa ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe. Akọ̀wé á tẹ Print. Kọ̀ǹpútà á ní iṣẹ́ ti lọ. Iná kékeré aláwọ̀ ewé lára ẹ̀rọ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó parí. Kò sí bébà, kò sí àlàyé. Wọ́n tún un tẹ̀ títí tí wọ́n fi rò pé okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ìgbà tí a wo ìwé ìrántí iṣẹ́ lójú ẹ̀rọ náà la rí i pé gbogbo iṣẹ́ ló dé, tó sì dà wọ́n nù, nítorí pé kò sí kóòdù ẹ̀ka lára wọn. Dráífà àtijọ́ ló máa ń so kóòdù mọ́ ọn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

IPP ní àyè fún kóòdù o. Ọ̀rọ̀ ni pé dráífà Windows ò ṣí ojú ibi tí èèyàn á ti kọ ọ́. Ọ̀nà mélòó kan ló wà. Ilé-iṣẹ́ míì máa ń gbé ètò kékeré kan sí Microsoft Store, Print Support App, tó máa dá irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ padà. Ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ yín. Bí kò bá sí, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ lè gbà fún iṣẹ́ tí kò ní kóòdù láti orí kọ̀ǹpútà, kó sì fi kóòdù sílẹ̀ fún fọ́tòkọ́pì nìkan. Bí ọ̀gá yín bá ní dandan ni kóòdù, ẹ fi ẹ̀rọ ńlá náà sílẹ̀ lórí dráífà àtijọ́.

Ìwọ Sángo, kí ni ìwọ tiẹ̀ ń fi kóòdù ṣe? Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ọmọ iṣẹ́ tó tẹ iye tó tẹ̀, nọ́ńbà àpapọ̀ wà lójú ẹ̀rọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́.

* * *

"Ẹ kàn ń sọ ohun tó sọnù, èrè wo ló wá wà níbẹ̀?"

Fóònù. Kí làwọn oníbàárà wa ń gbé wá báyìí? Flash ti ń dínkù, WhatsApp ló pọ̀. Kí iṣẹ́ tó dé orí bébà, ó ní láti kúrò lórí fóònù oníbàárà, dé orí fóònù ṣọ́ọ̀bù, dé WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, kó tó wá bọ́ sí ìlà. Tí ẹ̀rọ ńlá bá gbọ́ IPP, fóònù ṣọ́ọ̀bù ló máa rán an tààrà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bá wà lórí iṣẹ́ ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ̀ẹ̀kejì, láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń lo ṣíìpù Snapdragon dípò ti Intel, àwọn tó gbòde láti oṣù kẹfà 2024. Dráífà tí wọ́n kọ fún Intel kò lè wọ inú wọn rárá. Àfi kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ̀tọ̀ fún wọn. Ta ló máa padà lọ kọ dráífà tuntun fún pírińtà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ra irú láptọ́ọ̀pù yẹn, IPP ni kó máa gbàdúrà sí.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí a ju 1020 sóde, ẹ farabalẹ̀. Pírińtà yẹn kì í kú. Tónà rẹ̀ wà níbi gbogbo, ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ lè tún un rọ. Mo ní ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn, mo mọ̀ pé kò ní wu gbogbo èèyàn.

Wá láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan, èyí tí Windows 11 kọ̀. Gbé Linux, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà Debian tàbí Ubuntu. So 1020 mọ́ ọn pẹ̀lú okùn USB, gbé HPLIP, ìyẹn dráífà HP fún Linux, àti ohun àfikún tí 1020 ń béèrè wọlé, kí o wá ní kí CUPS, ètò tó ń bójú tó ìwé títẹ̀ lórí Linux, pín pírińtà náà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù. CUPS á bá 1020 sọ èdè àtijọ́ lápá kan, á sì máa pe ara rẹ̀ ní pírińtà IPP lápá kejì. iPhone oníbàárà á rí i. Windows tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tuntun rẹ náà lè rí i láìgbé dráífà kankan wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní kí o tan protected print mode sí i. Ògbufọ̀ ni láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó yẹn. Dráífà àtijọ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lórí ẹ̀rọ tí flash ń wọ̀.

Ohun méjì tó máa ń dààmú èèyàn níbẹ̀. Àkọ́kọ́, iná. Tí NEPA bá mú iná lọ tí 1020 sì kú, nígbà tó bá tàn padà ó ní láti tún gba ètò rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù yẹn, nítorí náà ẹ̀rọ méjèèjì ni kí o gbé sórí inverter kan náà. Ẹ̀kejì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pírińtà tuntun díẹ̀ lórí USB: Debian láti ẹ̀dà 11, ti 2021, máa ń gbé ètò kan wọlé tó ń jẹ́ ipp-usb. Tó bá ti gbá pírińtà mú, dráífà àtijọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, àti èyí tó ń bá yín ya àwòrán ìwé. Ọ̀kan lẹ máa mú. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ wá máa bi mí ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín wà lórí Wi-Fi, tí pírińtà ń di "offline" lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì dé: ẹ má bú dráífà. Àdírẹ́sì tuntun ni router fún un. Ẹ wọ inú router, kẹ́ ẹ so àdírẹ́sì kan mọ́ ọn pátápátá.

* * *

Ẹni tó béèrè padà dé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, wọ́n ti gbé iṣẹ́ òkú lọ, wọ́n tiẹ̀ yìn ín. Mo lo Reader, ó ṣiṣẹ́. 1320 ló tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ ra pírińtà kan kún ti ilẹ̀, tòkunbọ̀ ni agbára mi gbé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó gbọ́ IPP kí n tó sanwó?

* * *

Má tẹ̀lé ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan, torí wọ́n máa ń tan èèyàn jẹ. Mú ti HP P1102 wò. Kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ní Wi-Fi, P1102w, gba AirPrint lẹ́yìn tí wọ́n tún ètò inú rẹ̀ ṣe. Ojú kan náà ni wọ́n ní, lẹ́tà kan ló yà wọ́n.

Ní kí ẹni tó ń tà á tẹ ojú ewé ètò pírińtà náà jáde fún ọ, èyí tí pírińtà ń tẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà. Wá AirPrint, Mopria tàbí IPP lórí bébà yẹn. Bí o bá rí i, kí o ṣì fi fóònù rẹ dán an wò: so fóònù àti pírińtà mọ́ Wi-Fi kan náà, tẹ fọ́tò kan. Má jẹ́ kí ó fi láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọ, torí dráífà àtijọ́ lè wà lórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ okùn USB nìkan ló ní, gbé láptọ́ọ̀pù tìrẹ dání lọ. Nígbà tí Windows bá ti rí i, wọ Printer properties, wo Advanced. Tó bá kọ Microsoft IPP Class Driver síbẹ̀, tó sì tẹ ìwé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní kó tẹ ojú méjì, kí o wo bóyá ó mú bébà láti inú páànù bébà méjèèjì.

Láti ìsinsìnyí, láptọ́ọ̀pù tuntun rẹ ni kí o so mọ́ èyí tí o bá rà àti ẹ̀rọ ńlá. Tí ọ̀rọ̀ kóòdù bá ti yanjú, tí 1020 àti 1320 sì ti kúrò lórí rẹ̀, tan protected print mode padà, kí gbogbo flash máa wọ ibẹ̀. 1020 àti 1320, so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ ògbólógbòó tí mo wí. Bí ẹni tó ń tà á bá ní tónà ò sí nínú rẹ̀ láti fi dán an wò, máa bá tìrẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù kejì ò jìnnà.